Àmì Tó Wà Lára Páìpù

Bí ẹ bá gbé ẹ̀wù dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àmì alágbàfọ̀, ẹ má rò pé ẹ óò kàn jù ú sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Rárá o! Yóò kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, yóò yí i síwájú, yóò yí i sẹ́yìn, yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò fa bébà kékeré yọ, yóò kọ ohun tó rí, yóò sì fi píìnì so ó mọ́ ẹ̀wù náà: "Epo láyà. Bọ́tìnì kan ti já. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi." Tí epo náà bá kúrò lẹ́yìn fífọ̀, yóò so bébà kejì lé ti àkọ́kọ́: "Ó ti kúrò," pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Ọkùnrin náà ní Ìyá Àmì ló jó ihò sí kóòtù òun lápá, bẹ́ẹ̀ ihò ọ̀hún dàgbà ju ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ.

Nígbà tó wá ra ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá, èyí tó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, tí ilé ìwòsàn tó wà nítòsí sì gbé gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn lé e lọ́wọ́, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kí ni yóò ṣe bí nǹkan bá ṣe ẹ̀rọ yìí? Ó lọ gba ìwé adójútòfò. Àwọn ẹlòmíì a máa ti irú ìwé bẹ́ẹ̀ bọ abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì. Ìyá Àmì kà á! Ó kà á nídìí áyọ́ọ̀nù, ó kà á nídìí omi gbígbóná, ó ń pariwo bí ẹni tó rí nǹkan he.

"Wá gbọ́ o!" ló sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń bá a rán bọ́tìnì. "Ewu lọ́tọ̀, ohun tó ń pe ewu lọ́tọ̀! Iná ni ewu. Áyọ́ọ̀nù tí o gbàgbé sórí aṣọ lánàá, òun ló ń pe iná."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti dé orí áyọ́ọ̀nù."

"Páìpù tó bá bẹ́ lójijì, ewu ni, ilé iṣẹ́ adójútòfò á sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń jò díẹ̀díẹ̀, tí èèyàn mọ̀, tí kò tún un ṣe, wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ pátápátá. Àfi bí epo tó ti wà láyà ẹ̀wù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi!"

Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ilé iṣẹ́ ńlá gbáà, wọ́n ń ṣe bíi tirẹ̀!

Lójú ẹsẹ̀ ló gbé bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so àmì mọ́ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Wáyà: "Ara rẹ̀ ti bó. Ó ń pe iná." Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò mú. Ó ń pe olè." Fèrèsé: "Òjò ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé." Páìpù òkè ẹ̀rọ: "Ó ń jò díẹ̀díẹ̀." Nígbà tí ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, wọlé tó sì rí gbogbo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí. Ìgbà tó bọ́ kóòtù rẹ̀ ló rí tirẹ̀ lẹ́yìn: "Ó ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ó ń pe iná."

Láàárín oṣù kan, ó ti tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì so bébà kejì lé wọn. Ti páìpù, púlọ́ńbà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i: "A ti tún un ṣe." Fèrèsé nìkan ló kù, nítorí "lọ́la" ni káfíńtà ń sọ lójoojúmọ́. Àti ọkọ.

Ni páìpù náà bá bẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, gbàù! Omi ya bo ẹ̀rọ ìlọṣọ. Ẹ̀rọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ilé ìwòsàn ní àwọn lè dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn á wá alágbàfọ̀ mìíràn.

Lọ́jọ́ kẹta, ilé iṣẹ́ adójútòfò ní àwọn ń rán ẹnì kan bọ̀ wá wo ohun tó bàjẹ́. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn síwá sẹ́yìn.

"Ìyá ilé, já àwọn bébà yìí dànù kí ọkùnrin yẹn tó dé. Ta ló ń kọ ẹjọ́ ara rẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òótọ́ ni mo kọ."

Ó yíjú lọ wo omi lórí iná. Kíá, ọkọ na ọwọ́, ó já bébà lára páìpù, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó ki bébà bọ àpò, ó sì ń súfèé.

Aṣàyẹ̀wò tí wọ́n rán náà dé: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kálámù mẹ́ta nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ó wòkè, ó sì ka bébà ara páìpù sókè: "Ó ń jò díẹ̀díẹ̀. Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ ka ti òkè rẹ̀."

"Òkè rẹ̀ wo?"

Ìyá Àmì wòkè. Bébà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. "Ó wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí!"

"Ẹ mọ̀ pé ó ń jò, ẹ ò tún un ṣe. A yọ ìyẹn sílẹ̀, ìyá. Ojú ìwé kẹsàn-án."

"Mo mọ ojú ìwé kẹsàn-án jù yín lọ! Mo tún un ṣe!"

Ìfé tí ọkọ rẹ̀ ń sú lẹ́yìn wọn dá lójijì.

"Bùọ̀dá mi," ni àbúrò wí, "kí ló dé tí ẹ ń làágùn báyìí?"

Ọkọ ti ọwọ́ bọ àpò. Páálí sìgá ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà bébà kan tó ti rún wómúwómú. "Mo rò pé èyí tó burú ni mo já," ló ń kùn.

"Ẹ já èyí tó gbà wá sílẹ̀!" Ìyá Àmì pariwo. "Ẹ wá fi èyí tó fẹ́ pa wá sílẹ̀ fún àlejò!"

Aṣàyẹ̀wò gba bébà náà, ó fi ọwọ́ nà án, ó wúkọ́ nítorí òórùn sìgá, ó sì gun àkàbà. Ibi tí púlọ́ńbà dí gbẹ táútáú. Apá ọ̀tún, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì síbẹ̀, ni páìpù ti là.

"Ojú ẹ̀là yìí tuntun ni. Ó bẹ́ lójijì. Ó wà nínú àdéhùn, ìyá. A óò tún ẹ̀rọ yín ṣe."

Àbúrò fò sókè. Ṣùgbọ́n Ìyá Àmì kò tíì parí. Ó nawọ́ sí tábìlì tó jẹrà lábẹ́ fèrèsé. "Tábìlì yìí ńkọ́, ọ̀gá?"

Ọkùnrin náà tẹ̀ ba, ó ka àmì fèrèsé, ó fa kálámù yọ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó ń sọ ọ́ bó ti ń kọ ọ́: "Ó ti wà bẹ́ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ìyá Àmì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àkàbà mú. "Ẹ mú un wá, ọ̀gá. Màá fọwọ́ sí i."

Ọjọ́ kẹjọ ni ẹ̀rọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn sì tún ń jáde ní fífunfun, ní gbígbóná. Ọkọ wọlé, ó ju páálí sìgá sínú garawa ìdọ̀tí níṣojú gbogbo wọn, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ìyàwó rẹ̀.

"Ó yá, so bébà kejì mọ́ mi."

Ìyá Àmì mú bébà, ó mú píìnì, ó sì tún gbé wọn kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ̀ yín ná," ló wí. "Bó bá kúrò, màá kọ ọ́."