Wáìnì Fádáre

Gbogbo nǹkan ló ń kó Fádáre ará Òdìgbó nírìíra. Eṣinṣin, itọ́ ilẹ̀, ọwọ́ tí èèyàn fi nu imú tó tún ń nà síni. Ẹ má bi mí ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń fojú rí. Nítorí ìmọ́tótó yìí ni ìjọ fi gbé wáìnì Ìdàpọ̀ Mímọ́ lé e lọ́wọ́ nígbà tí ìjọba ológun kò jẹ́ kí ọtí òkè òkun wọlé mọ́. Á gún ọ̀pẹ̀yìnbó nínú odó, á fi pákó méjì fún omi rẹ̀. Kò sì jẹ́ kí ẹnu èèyàn kàn án kó tó dé orí pẹpẹ, títí kan ẹnu tirẹ̀.

Lọ́dún 1985, bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀, èrò yóò sì pọ̀ ju agbára pákó méjì lọ. Bí wáìnì bá bàjẹ́ lójú bíṣọ́ọ̀bù, ọlá ti bọ́ lọ́wọ́ Fádáre nìyẹn. Ló bá lọ yá ẹ̀rọ tí Ọládùnní, ọmọ ìjọ wọn, fi ń fún ẹ̀gẹ́ tó fi ń ṣe gààrì.

Ẹ̀rọ náà rèé! Omi ẹ̀gẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó ń rùn kíkan, ìdin ń rìn lábẹ́ pákó rẹ̀. Fádáre fọwọ́ bo imú.

"Ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń fọ nǹkan yìí?"

Ọládùnní rẹ́rìn-ín. "Bàbá, omi gbígbóná àti ewé ẹ̀pin tí a fi ń ha pákó ti tó o."

"Ewé kẹ̀? Fún nǹkan Olúwa?"

Ọṣẹ ti wọ́n bí ojú nígbà náà. Kẹrosíìnì tí ìyàwó rẹ̀ tò fún ni Fádáre dà sórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ méjì ló fi fọ̀ ọ́, pákó ń dán, imú rẹ̀ kò sì gbọ́ òórùn kẹrosíìnì mọ́. Ó fún ọ̀pẹ̀yìnbó níbẹ̀, ó rọ omi rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dé e pa fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bíṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ mu. Ojú rẹ̀ yí padà, ó wo inú ife, ó gbé e mì. Ta ló fẹ́ tu ẹ̀jẹ̀ Olúwa dànù? Bí àwọn ọmọ ìjọ ṣe ń kúnlẹ̀ ni wọ́n ń fún ojú pọ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Òórùn náà wá kan Fádáre: kẹrosíìnì ni.

Ọládùnní kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mu tirẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ẹ̀rọ mi kò rùn báyìí rí."

Ife kan Fádáre. Ó gbé e mì. Ìdọ̀tí ẹlòmíràn ló ti ń kó o nírìíra láti kékeré. Lọ́jọ́ náà, èébì iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń gbé e.