Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Ọ̀gá Mi Gbà ní Muṣin

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ lónìí kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí mo bá ṣiṣẹ́ nígbà èwe mi. Torí pé ó ti dolóògbé ni mo ṣe ń panu mọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ọkùnrin yẹn gọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta kí èmi náà tó kú.

Ọdún díẹ̀ ló kù kí a gba òmìnira nígbà náà. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ń ṣe ní Yábàá. Àwọn ṣọ́jà tó ti ogun Bọ́má dé ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ o, àwọn tí ọkàn wọn ò bá wọn padà wálé ni. Ẹ mọ irú wọn. Èyí tí kì í rí oorun sùn, èyí tó ń bá ẹni tí a ò rí sọ̀rọ̀, èyí tó ń lu ìyàwó rẹ̀ tán tí yóò tún jókòó sunkún. Èmi ni mò ń bẹ̀ wọ́n wò nílé, tí mò ń bá ẹbí wọn sọ̀rọ̀, tí mò ń rí i pé wọ́n lọ rí dókítà. Èmi náà ni mò ń sọ fún ọ́fíìsì irú iṣẹ́ tí agbára wọn ká.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fi ń káàkiri, láti Yábàá dé Sùúrùlérè, láti Èbúté Mẹ́ta dé Muṣin. Àǹtí Wẹ́fíà ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò. Àwọn aláìnítìjú kan tilẹ̀ ń pè mí ní ìyàwó àwọn wèrè! Ṣé mo dá wọn lóhùn? Kí ni màá fi wọ́n ṣe?

Làmídì wà lára àwọn èèyàn mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, káfíńtà ni, Muṣin ló sì ń gbé pẹ̀lú Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú, ariwo òjijì. Bí nǹkan bá ti dún gbàù, ibi yòówù kó wà, yóò ti nà gbalaja sílẹ̀, àyà nílẹ̀, ojú nílẹ̀. Ní Bọ́má, ẹni tó bá dúró wo ohun tó dún kì í sábà pẹ́ láyé. Ara Làmídì ò tíì gbà pé ogun ti parí. Ó ti ṣubú bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà, ó ti ṣubú bẹ́ẹ̀ lọ́nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó bá dìde, yóò máa gbọ̀n, kò sì ní lè sọ̀rọ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀.

Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni yóò san. Ó ní kó máa ṣe iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, torí ariwo òòlù tirẹ̀ kì í bà á lẹ́rù, òun fúnra rẹ̀ ló ń lù ú. Ó sì ń san lóòótọ́! Ràbíátù sọ fún mi pé ọkọ òun ti ń sùn mọ́jú.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí wọ́n fi gbé Mísítà Adéògún wá fún wa ní ọ̀gá.

Ẹ̀yin èèyàn! Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé ni. Kóòtù ló ń wọ̀ nínú oòrùn Yábàá, á máa làágùn, á máa fi háńkáṣíìfù nu bàtà dípò ojú. Ó kàwé, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò sí ohun tó wù ú láyé yìí tó kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn akọ̀wé wa ń dọ̀bálẹ̀ láràárọ̀, kóòtù wọn ń gba eruku. Bí ọkùnrin kan bá fi lè kí i lóòró, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Òun ló wá gbé ọgbọ́n kan dé tí mi ò gbọ́ rí. Ó ní ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú kì í mọ àgbà, nítorí náà, ṣọ́jà tó bá ti lè kí èèyàn bó ṣe yẹ, ara rẹ̀ ti yá. Ó parí! Ohun tí dókítà fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, Mísítà Adéògún fi ìdọ̀bálẹ̀ yanjú rẹ̀.

Ìyẹn ì bá pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, wọ́n ń wá òṣìṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta lọ́nà Abẹ́òkúta, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe títì. Ọ̀gá wa fẹ́ káwọn tó wà lókè gbọ́ pé òun mọṣẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni gbogbo ṣọ́jà tí ara rẹ̀ bá ti yá ń lọ, ẹni tó bá kọ̀, kó má wá sọ́dọ̀ wa mọ́, kó má sì rí dókítà mọ́. Dánámáìtì ni wọ́n fi ń fọ́ àpáta yẹn o. Ẹ̀yin ẹ bá mi wò ó. Ẹni tí bọ́ǹbù bà lọ́kàn jẹ́, ìdí dánámáìtì ni wọ́n fẹ́ rán an lọ!

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí àwọn èèyàn mi. Mo mú un dé ilé Làmídì. Fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà lọ́rì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn. Làmídì jáde sí wa, ó ń fi aṣọ nu ọwọ́. Kó tó kí wa, ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n fi wà lójú ogun yẹn, ilé ìwé lòun wà, òun ń kàwé, ìdí nìyẹn tí òun fi dẹni ńlá báyìí. Ṣé ọ̀rọ̀ tó yẹ kéèyàn fi kí ẹni tó ti ogun dé nìyẹn?

Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni táyà bẹ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà. Gbàù!

Làmídì ti balẹ̀. Ó nà gbalaja síwájú Mísítà Adéògún, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bàtà tó ń dán.

Ẹ ò rí ojú ọ̀gá mi! Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó na ọwọ́ sókè orí Làmídì bíi ti bíṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ó tó, ó tó. Dìde, ọmọ mi. Wàá dàgbà."

Làmídì ò dìde, ó ń gbọ̀n. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ìdọ̀bálẹ̀ tó pé tó bẹ́ẹ̀ nílùú Èkó yìí. Mo sọ fún un pé táyà tó bẹ́ ló fà á. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó bi mí pé kí ló kan táyà nínú ẹ̀kọ́ ilé. Ràbíátù sáré jáde, ó kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀gá gba ìkúnlẹ̀ yẹn náà? Ó ní tọkọtaya ló lẹ́kọ̀ọ́!

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, ó ní ara Làmídì ti yá, kó máa lọ sídìí àpáta. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ní dókítà ò fọwọ́ sí i. Ó ní òyìnbó ni dókítà, kí ló mọ̀ nípa ìdọ̀bálẹ̀? Ní tèmi, ó ní obìnrin ni mí, àánú ló ń ṣe mí. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà kan ló kù tí yóò fọwọ́ sí i, ó sì ní òun máa pe Làmídì síwájú wọn kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di Muṣin. Mo sọ fún Làmídì pé ọ̀nà kan ló kù. Tó bá dé iwájú ìgbìmọ̀, kó má dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kó kan dúró gbọnyin bíi ṣọ́jà. Inú á bí ọ̀gá, á ní orí rẹ̀ ò pé, ọ̀rọ̀ àpáta á sì parí síbẹ̀.

Làmídì gbọ́ mi tán, ó mi orí. "Àǹtí, tí mo bá wọlé tí mo bá àgbà níbẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀ ni. Ogun gba oorun lójú mi. Kò gba ẹ̀kọ́ ilé mi."

Ràbíátù bú sẹ́kún. Ó ní bí ọkọ òun bá dé ìdí àpáta yẹn, ẹni tí yóò padà wá kò ní í jẹ́ Làmídì mọ́. Làmídì náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo bínú lọ sílé lọ́jọ́ náà. Mo bínú sí òun náà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n tàn yín.

Ọjọ́ pé. Alága ìgbìmọ̀ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Mísítà Adéògún dúró sáàárín yàrá nínú kóòtù tuntun. Ó ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wò ó.

Làmídì wọlé. Bàbá mẹ́séńjà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí, ó dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó dé ọ̀dọ̀ alága, ó dọ̀bálẹ̀ fún òun náà. Mo ní ó tán, wọ́n ti rán an lọ sí àpáta nìyẹn. Ọ̀gá mi tún táì rẹ̀ ṣe, ó sún síwájú, ó ti na ọwọ́ ìbùkún sílẹ̀.

Làmídì dúró. Ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní ẹ káàárọ̀, sà. Ọwọ́ ọ̀gá ṣì wà lófuurufú.

Ọ̀gá bi í pé kí ló dé tí kò dọ̀bálẹ̀ bíi ti ọjọ́sí.

"Mo dàgbà jù yín lọ, sà," ni Làmídì wí, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ròkè. "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ nílé mi pé ilé ìwé lẹ wà nígbà tí a wà lójú ogun. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin kọ́ ni mo dọ̀bálẹ̀ fún. Táyà ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Alága náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ojú Làmídì, ó dákẹ́. Ó rọra ní kó ṣàlàyé. Ojú ti Làmídì, mo rí i, síbẹ̀ ó sọ ọ́. Ó ní tí nǹkan bá ti dún, òun kì í sí ní Muṣin mọ́, inú igbó Bọ́má lòun ń wà, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ òun kan tó gbórí sókè láti wòran. Kò sọ ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ náà. Kò sẹ́ni tó bi í.

Alága wá ní, "Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta ńkọ́?"

"Ilẹ̀ ni màá wà, sà. Láti àárọ̀ dalẹ́."

Kò sẹ́ni tó tún rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn kọjú sí Mísítà Adéògún. Ṣé ẹ mọ ohun tí olóye wa sọ? Ó ní ṣé àwọn náà ti rí i báyìí, pé ọkùnrin yìí ò mọ ẹni ńlá, pé orí rẹ̀ ò tíì pé! Nínú gbogbo ohun tí Làmídì sọ, ohun tó gbọ́ ò ju pé wọn ò dọ̀bálẹ̀ fún òun.

Alága ní ó dára bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn ti fohùn ṣọ̀kan nìyẹn: ara rẹ̀ ò tíì yá, kó máa bá dókítà lọ. Ó tún ní kí wọ́n dá gbogbo ṣọ́jà tí ọ̀gá wa ti kọ orúkọ wọn fún àpáta dúró, kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ràbíátù ń dúró dè wá níta. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dìde. Ohun tó sì ń da Làmídì láàmú ni pé ṣé òun ò ti dójú ti ọ̀gá mi báyìí. Ó fẹ́ padà lọ bẹ̀ ẹ́! Ẹni tó fẹ́ rán an lọ sínú dánámáìtì ni àánú rẹ̀ ń ṣe é. Mo fà á lápá, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ má rò pé wọ́n lé Mísítà Adéògún o. Wọ́n gbé e ga ni! Ó lọ sí ọ́fíìsì tó tóbi ju tiwa lọ, kí wọ́n lè ráyè dọ̀bálẹ̀ fún un dáadáa níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń wólẹ̀ fún lójoojúmọ́, ẹ má tètè na ọwọ́ ìbùkún. Ẹ kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bóyá nǹkan kan ló bẹ́. Ẹ̀rù lè gbé èèyàn lulẹ̀, kí ẹ̀yin sì máa pè é ní ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti nà gbalaja síwájú irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ rí ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí kí gbogbo wa kà á. Kí ló gbé yín lulẹ̀?