Ìgò Ojú Fèrèsé Bàbá Eléyín

Kò sí ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí Àlàájà Sìmbíátù aláṣọ fẹ́ gba eyín rẹ̀ padà lọ́wọ́ Bàbá Eléyín ní Ẹdẹ. Lọ́sàn-án gangan ni, ó ń kọjá lọ, ó gbọ́ ohùn bàbá lójú fèrèsé: "Àlàájà Sìmbíátù, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ẹ fara dà á." Eyín tí wọ́n yọ lẹ́nu Àlàájà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀, nínú ìgò omi, orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò.

"Ẹ fún mi léyín mi! Abájọ! Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ibi tí eyín ò sí mọ́ ń ro mí!"

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgò fún un. "Ẹ máa mú un lọ, mà. Àmọ́ ta ni yóò máa kí i láàárọ̀?"

Àlàájà wo inú ìgò. Ó ní eyín náà yíjú sí òun. Ó rọra gbé e padà sáyè rẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ láì dágbére.

Ọlátúnjí lorúkọ bàbá, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ti fẹ̀yìn tì. Yẹ́misí ọmọ rẹ̀, dókítà eyín, ló ń bá a tọrọ eyín lọ́wọ́ àwọn tó bá yọ ọ́ fún. Bàbá ní ihò lásán ni wọ́n ń dí fáwọn èèyàn, kòkòrò tó gbẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ó wá ń po ohun ìdíhò eyín tí yóò pa kòkòrò, tí yóò sì ran eyín lọ́wọ́ láti tún ara rẹ̀ kọ́. Ó lọ pákò orín àtà àti èèpo ẹyin mọ́ ọn. Ìyókù, kò sọ fẹ́nì kan. Ó ṣiṣẹ́ lára eyín inú ìgò, ṣùgbọ́n eyín inú ìgò kì í jẹ ẹran. Ó di dandan kí wọ́n fi dí eyín ẹni tó wà láàyè, kí wọ́n sì yọ ọ́ wò lẹ́yìn ọdún méje. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò gbà, bàbá ya ẹnu tirẹ̀ fún Yẹ́misí, ó sì fi dí ihò eyín rẹ̀ kan.

Ọdún méje pé. Yẹ́misí mú ẹ̀mú jáde. Bàbá tí eyín ogójì èèyàn wà lójú fèrèsé rẹ̀ sá wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká yọ ọ́ wò?"

"Èmi ni. Ẹ̀rù ẹ̀mú ló ń bà mí, ọmọ mi. Bí mo bá kú, kí o yọ ọ́ kí wọ́n tó wẹ̀ mí. Mi ò ní lè pariwo nígbà yẹn."

Ó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Yẹ́misí wọlé tọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀mú. Ó fi ẹ̀mú di eyín náà mú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá mi," ó ní, "ẹ fara dà á." Àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà búra pé ogójì ìgò náà ló mì lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ewé kan ò mì níta.

Ó la eyín náà sí méjì. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ihò náà ti kéré sí i, etí rẹ̀ ti hù, ó funfun, ó sì le. Yẹ́misí jókòó sílẹ̀, ó sunkún. Ohun tí bàbá fẹ́ mọ̀ jù láyé rèé, ẹnu rẹ̀ ló sì gbé e sí títí ó fi kú.

Eyín bàbá náà ti wà nínú ìgò lójú fèrèsé báyìí. Láràárọ̀ ni Àlàájà Sìmbíátù máa ń ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró níbẹ̀.

"Bàbá Eléyín, ẹ káàárọ̀ o. Ó ṣiṣẹ́ o. Mo sọ fún yín lánàá, àmọ́ mo ní bóyá ẹ ò gbọ́."