Iṣu Ta Ló Jóná?

Òórùn iṣu tó jóná kì í ṣe òórùn burúkú, ohun tó sì mú un le nìyẹn. Bí a bá ti iṣu bọ iná lóko, tí èèpo rẹ̀ ń dúdú, tí inú rẹ̀ ń rọ̀, itọ́ á máa ṣẹ̀ lẹ́nu ẹni. Òórùn yẹn gan-an ni àbúrò ọkọ mi gbé wọ yàrá opó mi ní Manigri lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan, nínú aṣọ rẹ̀ àti nínú irun orí rẹ̀. Mo jókòó sórí ẹní. Ebi ló kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé iná ìgbẹ́ ti jó àká iṣu wa lọ́nà Doguè, pé kò ku nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi eérú àti èédú. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Kékeré." Ohun tí mo rí sọ náà nìyẹn. Bàbá Kékeré ni èmi àtàwọn ọmọ mi ń pè é, ìwọ ọ̀rẹ́ mi náà ṣáà mọ̀ pé aya kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ó wò mí títí, bí ẹni tó ń wo ẹni tí kò gbọ́ èdè, ó sì jáde.

Jẹ́ kí n mú ọ padà sẹ́yìn díẹ̀. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso Dahomey nígbà náà, ọ̀nà tó ti Bassila wá jẹ́ ọ̀nà eruku pupa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni kámíọ̀ akẹ́rù sì ń gbà á dáadáa. Ọkọ mi jẹ́ àgbẹ̀, iṣu rẹ̀ sì ta lọ́dún náà ju ti ẹnikẹ́ni lọ ní àdúgbò wa. Ìyá oníṣòwò kan wà ní Bassila, ará Anii, tó máa ń ra iṣu lọ́wọ́ àwa ará Manigri láti kó o lọ tà lókèèrè. Ó gbọ́ èdè wa, ṣùgbọ́n ó máa ń já ọ̀rọ̀ kúrú bí ẹni ń já ewé. Òun àti ọkọ mi ṣe àdéhùn pé yóò kó páànù ìbolé wá fún wa, èyí tí àwa níbẹ̀ ń pè ní tóólù, pé ọkọ mi yóò sì fi iṣu inú àká kan pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ìwé láàárín wọn. Ẹlẹ́rìí wà: Bàbá Kékeré wà níbẹ̀, àgbàlagbà kan láti agboolé kejì wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀ tí mò ń bu omi fún wọn mu.

Ìyá oníṣòwò fúnra rẹ̀ ló wọ inú àká. Ó ń mú iṣu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ó ń gbé e símú. Èyí tí kò wù ú, ó ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tó wù ú, ó ń ti ìka bọ ilẹ̀ pupa tí ó ti fi omi pò, ó sì ń fà á sí iṣu náà lára. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí koríko, ó ní, "Tèmi nìwọ̀nyí. Ẹ bá mi tọ́jú wọn. Kámíọ̀ mi á dé kí ọyẹ́ tó mú." Ọkọ mi ní, "Ọwọ́ mi ni wọ́n wà."

Bí tóólù ṣe dé orí ilé wa nìyẹn. Ṣé o rántí bí ilé tóólù ṣe ṣọ̀wọ́n tó nígbà náà? Láàárọ̀, ọkọ mi a dúró sójú ọ̀nà, a máa wo bí oòrùn ṣe ń kọ mànà lórí rẹ̀. Ooru inú ilé pọ̀ ju ti ìgbà tí a fi koríko bò ó, a kò lè sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án mọ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Òjò tó kẹ́yìn lọ́dún náà rọ̀ lé e, ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé a ní láti kígbe kí a tó gbọ́ ara wa, ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń kígbe ohun tí kò nítumọ̀ sí mi létí. Ọyẹ́ mú, kámíọ̀ kò dé. Àìsàn ló dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ọkọ mi pọ́n ọkọ́ àti àdá, ó ń lọ ro àyíká àká, nítorí a gbọ́dọ̀ ro koríko ibẹ̀ kúrò pátápátá kí iná ìgbẹ́ má baà rí ohun tẹ̀ lé dé ìdí iṣu. Kó tó jáde, ó ní ara òun gbóná, òun fẹ́ dùbúlẹ̀ díẹ̀. Kò dìde mọ́.

N kò sunkún. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé ojú mi gbẹ jù. Kì í ṣe pé mo ń mú ara le. Bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú ni gbogbo ara mi rí: o mọ̀ pé tìrẹ ni, o fọwọ́ kàn án, kò dá ọ lóhùn. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́. Bí àwọn ọmọ bá pè mí, mo jẹ́ wọn. Àlùfáà mọ́sálásí wá sọ bí n óò ṣe pẹ́ tó nínú opó, mo mi orí. Nígbà tí iná wá jó àká lẹ́yìn ìyẹn, ó dà bí ìgbà tí wọ́n sọ fún mi pé ẹran ẹlòmíì já okùn.

Ìyá oníṣòwò ti kọ́kọ́ wá kí mi nígbà tí a sin ọkọ mi tán. Ó jókòó tì mí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò dárúkọ iṣu rárá. Nígbà tó padà wá, iná ti jó. Àárín àgbàlá ló dúró sí, ó kọ ìjókòó.

"Mo wá gba iṣu mi," ó ní.

Bàbá Kékeré dá a lóhùn pé, "Iṣu yín ti jóná, Ìyá. Ẹ̀yin lẹ yàn án, ẹ̀yin lẹ fi àmì sí i. Tiyín ló jóná, kì í ṣe tiwa."

"Ọwọ́ ta ló wà?"

"Kámíọ̀ yín ńkọ́? Ẹ ní kí ọyẹ́ tó mú."

"Kámíọ̀ bàjẹ́ lọ́nà. Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́? Bí kò bá sí iṣu, ẹ sọ tóólù mi kalẹ̀."

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mò ń gbọ́ wọn bí ẹni ń gbọ́ aáwọ̀ ilé kejì. Ọmọbìnrin mi àgbà di aṣọ mi mú. Ó ní, "Ìyá, ṣé wọ́n á ṣí ilé mọ́ wa lórí ni?" Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀, kò sì jọ lójú mi pé èmi ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Àwọn àgbà Manigri jókòó lé e, ọ̀rọ̀ náà sì pín wọn. Àwọn kan ní ohun tí ènìyàn bá ti yàn tó sì ti fi àmì sí, tirẹ̀ ni, ibi yòówù kó wà. Àwọn kan ní ẹni tó bá ti lè sọ pé "ọwọ́ mi ló wà" ti gbé ẹrù náà lé ara rẹ̀ lórí. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n ní ká gbé e lọ sí Bassila, síwájú olórí kántọ́ọ̀nù, olóyè tí ìjọba Faransé fi ṣàkóso agbègbè wa, kí èmi náà wá jẹ́rìí. Àlùfáà ní ọ̀rọ̀ tó bá di dandan, opó lè jáde lójú ọ̀sán lọ sọ ọ́. Mo da aṣọ funfun bora, mo tẹ̀ lé Bàbá Kékeré.

Ìgbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ti jó dúdú lápá méjèèjì, koríko tútù sì ti ń yọrí nínú eérú. Èmi àti Bàbá Kékeré rìn títí a fi fẹ́ wọ ìlú. Nígbà náà ló dúró, kò wò mí lójú.

"Ìyàwó," ó ní, "wọ́n á bi wá bóyá a ro àyíká àká. Sọ pé a ro ó. Opó ni ọ́, ẹnikẹ́ni kò ní já ọ nírọ́. Nítorí àwọn ọmọ ni."

Mo ní, "Mo gbọ́." Ó rò pé mo gbà ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Oko rẹ̀ ni oúnjẹ tí à ń jẹ ti ń wá láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, òun fúnra rẹ̀ sì ti rù.

Abẹ́ àtíbàbà koríko ni olórí kántọ́ọ̀nù ti ń gbọ́ ẹjọ́, bàbá arúgbó tó máa ń di ojú rẹ̀ bí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, a ó rò pé ó ń sùn. Èdè Anii ló ń sọ, ọkùnrin kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó bi ìyá oníṣòwò pé ta ló yan iṣu, ta ló fi àmì sí i. Ó ní òun ni. Olórí ní, "A jẹ́ pé iṣu rẹ ló jóná." Bàbá Kékeré mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá oníṣòwò kò jiyàn. "Mo gbà, Bàbá, tèmi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ewúrẹ́ mi síkàáwọ́ ẹnìkan, tó ní òun á bá mi sìn ín, tó wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ìkookò, ṣé n kò ní í bi í léèrè?"

Olórí la ojú rẹ̀. Ó bi wá bóyá a ro àyíká àká. Bàbá Kékeré ní, "A ro ó, Bàbá. A ro ó mọ́ tónítóní." Arúgbó náà wò ó, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, opó, kí lo mọ̀ sí i?"

Mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi. Mo mọ ibi tí irọ́ náà wà, Bàbá Kékeré ti gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè purọ́, ó ní láti fẹ́ nǹkan, tàbí kó bẹ̀rù nǹkan. N kò fẹ́ ohunkóhun. N kò bẹ̀rù ohunkóhun. Tóólù, òjò, ojú ará ilé ọkọ mi, gbogbo rẹ̀ jìnnà sí mi.

"A kò ro ó," mo ní. "Ọkọ mi fẹ́ lọ ro ó lọ́jọ́ tí àìsàn dá a dúró. Lẹ́yìn tó kú, ẹnikẹ́ni kò débẹ̀."

Ọkùnrin tó ń túmọ̀ kò tètè túmọ̀ rẹ̀. Ó wo Bàbá Kékeré ná, bí ẹni ń tọrọ ààyè. Ìyá oníṣòwò tó gbọ́ èdè wa ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, ó sì rẹ orí sílẹ̀.

Ìdájọ́ olórí kò gùn. Ó ní ẹni tó ni iṣu kò wá kó o nígbà tó dá, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ṣọ́ ọ bó ti yẹ. Ó ní ikú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n olóògbé fi ará ilé sílẹ̀, ará ilé sì ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kí a pín òfò náà sí méjì, kí ìdajì tóólù sọ̀kalẹ̀. Lójú ọ̀nà ilé, Bàbá Kékeré ń lọ níwájú, mo ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan ló yíjú padà. "O fi ẹnu ara rẹ ṣí ilé ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

Òun náà ló gun òrùlé lọ́jọ́ tí ìyá oníṣòwò wá kó o, ó ní àjèjì kò ní fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ẹ̀gbọ́n òun. Bí ó ti ń tú ìṣó, ìmọ́lẹ̀ ń já wọ inú yàrá tí ọkọ mi kú sí, ó kan ògiri, ó kan ìkòkò omi, ó kan ẹní. Mo ń wò ó. Ìyá oníṣòwò wá jókòó tì mí.

"Ìyàwó, kí ló mú ọ sọ ọ́?"

"Bó ṣe rí nìyẹn."

"Bí o bá gbin iṣu lọ́dún tó ń bọ̀," ó ní, "èmi ni kí o kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí."

Mo gbìn ín. Bàbá Kékeré tí kò bá mi sọ̀rọ̀ ló bá mi kọ ebè, ó ń ṣiṣẹ́ láìwo apá ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí a wu iṣu, ìyá oníṣòwò dé, ó yan tirẹ̀, ó ki ìka bọ ilẹ̀ pupa. Lọ́tẹ̀ yìí a sọ gbogbo rẹ̀ lójú ẹlẹ́rìí: ọjọ́ tí yóò wá kó o, ẹni tí yóò ro àyíká, ẹni tí òfò yóò jẹ́ tirẹ̀ bí iná bá jó o kí ọjọ́ náà tó pé àti bó bá jó o lẹ́yìn ìgbà náà. Ó wá bi mí pé, "Ọwọ́ ta ni yóò wà?" Mo la ẹnu láti sọ pé, "Ọwọ́ mi ni wọ́n wà," ohùn ọkọ mi ni mo sì gbọ́. Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbé mi, láàárín iṣu, níṣojú gbogbo ènìyàn. Ìyá oníṣòwò lé àwọn ẹlẹ́rìí jáde, ó dì mí mú, ilẹ̀ pupa ọwọ́ rẹ̀ sì yí mi láṣọ.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn oníṣòwò Bassila àti Pénéssoulou kì í bá ará ilé wa ra nǹkan àfi bí mo bá jókòó síbẹ̀. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ a wá pè mí, a ní, "Ìyàwó, wá gbọ́ àdéhùn yìí." Wọ́n ń sọ pé obìnrin tí kì í purọ́ ni mí. Ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún: kì í ṣe pé mo fẹ́ràn òótọ́ lọ́jọ́ náà ní Bassila. Ẹni tó ti kú lápá kan ló sọ ọ́. Síbẹ̀, orúkọ tí ọ̀rọ̀ náà fún mi wà láàyè, ó sì ń dúró dè mí.

Ó dúró títí ọmọ mi ọkùnrin fi dàgbà, tó ta iṣu àgbìn fún ará Doguè kan, tí iṣu náà kò hù. Ọmọ mi ní èyí tó dára lòun kó fún un. Wọ́n pè mí wá jẹ́rìí. Mo ti rí iṣu náà kó tó kúrò nílé, mo mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ti ń rà. Lọ́jọ́ náà mo fẹ́ nǹkan, mo sì bẹ̀rù nǹkan. Mo sọ ohun tí mo rí. Odidi ìgbà òjò kan ni ọmọ mi kò fi jẹun lọ́wọ́ mi. Bí àwọn ènìyàn bá ń yìn mí nítorí ti Bassila, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Òótọ́ tí mo sọ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ mi yìí ni mo kà sí tèmi.