Ibi tí Ìyá Ìbejì Ti Ń Mí

Fèrè ilé-iṣẹ́ onírin tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ilo-Awela kì í dún síbi tó yẹ. Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti fọn ọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́, èmi á fajú ro nídìí oúnjẹ, n óò ní ohùn rẹ̀ tún ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi á máa bu ẹ̀kọ gbígbóná fún àwọn ìbejì wa, á ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kúkú lọ bá ọ̀gá wọn, kí ẹ ní kó wá wọ kíláàsì yín."

Irú etí tí mo ní nìyẹn, mo sì ń fi í yangàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ lórin ní ilé-ìwé kan ní Ọ̀tà. Bí ogójì ọmọ bá ń kọrin, tí ẹyọ kan ṣì í, n óò nàka sí i. Tí a bá jáde, ilé ni mò ń lọ tààrà. Èmi ni mo ń wẹ̀ fún àwọn ìbejì. Ibi ìwẹ̀ ni wọ́n ti mọ dò-re-mí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ènìyàn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní olùkọ́ tó fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́ ni mí, ọkọ tó mójú tó ilé rẹ̀. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Mo jókòó, mo ń wolẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀ ni mò ń rántí. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa, òun náà sì wà láàárín àwọn obìnrin tó ń gbé ohùn kejì. À ń múra orin ìkórè kan tí ìlà rẹ̀ gùn, mo sì ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí kí ìlà tó parí. Ìyàwó mi ń mí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ku ọ̀rọ̀ kan kí ìlà parí. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ku mẹ́ta. Nígbà tó yá, kò dé àárín mọ́. Gbogbo ibi tó ti já ni mo fi pẹ́ńsùlù yí òbìrìkìtì ká nínú ìwé orin mi, mo kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí n kì í fi àṣìṣe ṣeré.

Lọ́jọ́ kan mo dá orin dúró. "Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí ò ń dúró káàkiri bí ọkọ̀ tó ń wá èrò ní Toll Gate?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. "Ẹ má bínú, Tíṣà. Ọkọ̀ ti gbó ni."

Ìyá àgbà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ẹ wo obìnrin yìí dáadáa o. Ó ń làágùn." Mo dáhùn pé gbogbo wa là ń làágùn, ṣebí wọ́n ti mú iná lọ. Mo ní kí ìyàwó mi lọ jókòó sẹ́yìn, mo fi ọmọbìnrin kan tí èémí rẹ̀ gùn rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìdánrawò kan tó pa jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń di ìwé orin mú, ó ń la ẹnu láìgbé ohùn jáde. Orin ìkórè náà dùn. Wọ́n yìn mí.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́. Dókítà bi mí pé láti ìgbà wo ni èémí rẹ̀ ti ń já. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ọjọ́, mo mọ ìlà, mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń kọṣẹ́. "Bàbá, bí ẹ bá ti tètè mú wọn wá ni..." Kò parí gbólóhùn náà. Ìyàwó mi kò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù tó fi kú. Àwọn àgbà ní gbogbo òtòkùlú pésẹ̀, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Àwọn ìbejì ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Wọ́n mọ̀ pé n kì í tẹ dùùrù ilé mọ́, wọ́n ń pè mí lórí fóònù pé, "Dádì, ẹ tún máa tẹ dùùrù." N kò sọ fún wọn pé orí dùùrù ni ìwé orin náà wà. Fèrè ilé-iṣẹ́ ṣì ń dún láàárọ̀, ó ṣì rẹlẹ̀ díẹ̀, n kì í sì í fajú ro mọ́. Mo máa ń ṣí ìwé náà, mo máa ń fi ìka tọ àwọn òbìrìkìtì náà lọ, bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Kò sí èyí tí mo fò. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.