Òfin Kò Mọ Yìnyín

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ wa, èmi Lowell Haugen, ọmọ àgbẹ̀ ọlọ́kà. Ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́ lọ́dọ̀ wa; ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbégbá ìbò, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi du ipò náà rí. Síbẹ̀ mo máa ń lẹ "Ẹ dìbò fún Haugen" mọ́ ara ọkọ̀ mi, bí ẹni tí ogun wà níwájú rẹ̀.

Ní ọdún kẹta mi ni ẹjọ́ Gus Ostby dé. Aládùúgbò rẹ̀ gba ilẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fẹ́ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, àmọ́ yìnyín dí ọ̀nà, ìwé rẹ̀ sì fi ọjọ́ kan pẹ́. Èmi ni mo kọ ìdájọ́ tó lé e dànù: "Òfin kò mọ yìnyín." Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo fi gíláàsì bò ó, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Verna ìyàwó mi wò ó títí.

"Lowell, ṣé ìwọ ti wa ọkọ̀ nínú yìnyín rí ṣá?"

"Ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, kò lè yé ẹ."

"Ó yé mi. Gbé e kúrò lójú mi."

Lọ́dọọdún, àwa adájọ́ máa ń lọ gbọ́ ẹjọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan kí àwọn ọmọ lè rí bí a ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn ogún ọdún, ó kan ìlú kékeré kan lápá àríwá. Inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ni wọ́n to àga wa sí. Ẹjọ́ Doreen Lindahl ló wà nílẹ̀, opó tí ilé rẹ̀ fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí pé ìwé rẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́ nínú yìnyín. Adájọ́ ìsàlẹ̀ ní ìdájọ́ wa àtijọ́ ló de òun lọ́wọ́. Mi ò ka ìwé ẹjọ́ náà tán. Mo ti gbọ́n kọjá ìyẹn.

Mo kojú sí lọ́yà rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́. "Lọ́yà, òmùgọ̀ wo gan-an ló kọ ìdájọ́ àtijọ́ yìí?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ má bínú, Olúwa mi. Ẹ̀yin ni."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Olórí wa fi ìwé bojú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Gus Ostby ni. Ìlà iwájú ló jókòó sí lọ́jọ́ ẹjọ́ tiẹ̀, mi ò lè ṣì í mọ̀. Mo wá gbọ́ pé látìgbà tí ilẹ̀ rẹ̀ ti lọ ló ti ń gbálẹ̀ níbẹ̀, òun náà ló to àga tí mo jókòó lé. Ojú tì mí gidigidi.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo kọ ìdájọ́ tó da tèmi nù. Doreen rí ẹjọ́ rẹ̀ rò. Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún Gus ní gbọ̀ngàn yẹn, orí mi sì tún ti ń wú díẹ̀, torí pé gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ dùn. Ó kà á lórí ìdúró.

"Ó dáa, Adájọ́. Ogún ọdún lèyí fi pẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Gus."

"Ọjọ́ kan ni tèmi."

Ó dá ìwé náà padà fún mi, ó ń ká àwọn àga rẹ̀ lọ. Mo bá a ká wọn. Kò lé mi.