Ọjọ́ Tí Màmá Mi Fi Awò Dúdú Sójú

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Houston níbí, ojú màmá mi ni òfin ilé wa. Wọn kì í pariwo. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ mọ irú ojú tí mo ń sọ. Tí wọ́n bá fún ojú pọ̀, fi oúnjẹ olóúnjẹ sílẹ̀. Tí wọ́n bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, jẹ ẹ́, àmọ́ má ṣe bí ẹni tébi ń pa. "Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni wọ́n máa ń wí. Ìwé iléèwé ò wọ̀ mí lórí, ṣùgbọ́n ojú màmá mi, mo kà á dé yunifásítì.

Ọdún kan wà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn bàbá. Ti bàbá Denise náà bọ́. Denise ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí a jọ ń gbé ọgbà apartment kan náà ní Westchase, àdúgbò kan ní Houston. Wọ́n fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Rosenberg, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Houston. Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìkólọ wọn, tí ìsinmi iléèwé ti fẹ́ parí, ìyá rẹ̀ gbé ààrò onírin síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ó ń sun adìyẹ àti àgbàdo. Ooru lẹ̀ mọ́ wa lára bí aṣọ tí wọn ò fún. Mọ́tò ń hó lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀, kòkòrò ń han lórí igi, ọ̀rá adìyẹ ń kán sínú iná, ó ń ṣe ṣàà.

Denise gbé àwo wá fún mi. Mo ní, "O ṣé, mo ti yó." Irọ́ gbuu! Gaàrí àárọ̀ ti gbàgbé mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé a kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n a bẹ̀ ẹ́, á wojú ìyá ẹ̀, á wá jẹ. Mo gbójú sókè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè wa, níbi tí màmá mi ti ń sá aṣọ.

Yéè! Awò dúdú ni wọ́n fi sójú, tuntun, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Báwo lèèyàn ṣe ń ka ìwé tí wọ́n pa dé?

Ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀ mọ́. Mo rìn lọ sísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo rìn padà. Mo húkọ́. Mo fò sókè. Awò kàn ń dán ni. Ọmọ Amẹ́ríkà kì í sì í bẹni lẹ́ẹ̀mejì: Denise ti gbé àwo lọ. Ìgbà tó padà wá, ó dúró gbagidi níwájú mi.

"Ṣé oúnjẹ wa ń rí ẹ lára ni? Ọ̀la ni mò ń lọ, o ò lè bá mi jẹun!"

Ta ló máa ṣàlàyé fún un pé ojú ni mò ń dúró dè? Ó kẹ̀yìn sí mi.

Ni bàtà màmá mi bá dún lórí àtẹ̀gùn. "Fọlákẹ́, ṣé o ò ríran ni? Mo ti ń ṣẹ́jú sí ẹ látìgbà yìí, ojú fẹ́ẹ̀ yọ lórí mi!"

"Màmá, awò nìkan ni mò ń rí."

Wọ́n fọwọ́ kan ojú. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, débi pé ìyá Denise ń bá wọn rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Màmá mi tí kì í jẹ oúnjẹ ìta yọ awò, wọ́n jókòó sórí páálí ẹrù, wọ́n nawọ́: "My sister, àgbàdo tèmi ńkọ́?"

Denise gbé àwo mi padà, ó bínú gbé e kalẹ̀, ó wá jókòó tì mí. Àgbàdo yẹn rọ̀, ó dùn bíi ṣúgà, bọ́tà dé ìgúnpá wa. Ó ń ka egungun iwájú mi: "Ẹni tó ti yó rèé o!"

Ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Lónìí, mò ń ta iṣu àti pánla, ojú tèmi náà sì mú: oníbàárà tó bá ń tẹ iṣu mi láìrà á, tí mo bá wò ó, á gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ńkọ́? Wọ́n á ti ṣí fìríìjì onílé kí wọ́n tó kí i. Láìpẹ́ yìí, a lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Missouri City, lẹ́bàá Houston níbí, àbígbẹ̀yìn mi ń bu ẹran kẹta. Mo ṣẹ́jú. Mo fún ojú pọ̀. Mo yí i bí olówò tó pàdánù ọjà.

"Mummy, ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?"

Ó sì sáré lọ bá mi tọrọ òògùn ojú.